Abẹ́rẹ́ Ìgbóná Tó Já Wálẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé olùkọ́ PCT ni mí ní CEG, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá wa ti fi Peugeot 504 sílẹ̀ fún wa, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀, ọkọ̀ yẹn sì ti kọ́ mi ní nǹkan nípa ìgbóná tí n kò rí kọ́ nínú gbogbo ìwé tí mo fi di olùkọ́. Ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí ṣáá: "Monsieur, abẹ́rẹ́ ìgbóná ọkọ̀ mi ń lọ sókè, kí ni kí n ṣe?" Kò tíì sí ẹni tó bi mí rí pé, "Monsieur, abẹ́rẹ́ ọkọ̀ mi kàn já wálẹ̀ lójijì, kí ni kí n ṣe?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kó máa lé oorun lójú èèyàn.

Agogo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo epo lórí tableau de bord ni mò ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n ya àwòrán thermomètre sí i, pẹ̀lú ìgbì omi díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo àwòrán yẹn dáadáa. Ẹni tó yà á kò parọ́ fún wa: omi ni agogo yẹn ń wọ̀n, kì í ṣe irin.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, sonde là ń pè é. Orí rẹ̀ rì sínú omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni sonde á ṣe máa jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá sí i, abẹ́rẹ́ á sì máa gòkè. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bíi tiwa, okùn iná kan ṣoṣo ló so sonde mọ́ agogo. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sonde kò mọ iye omi tó wà nínú rádíétọ̀. Kò mọ̀ bóyá epo ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Kò mọ bí irin ṣe gbóná tó níbi tí epo bẹntiróòlù ti ń jó gan-an. Ìgbóná ohun tó bò ó lórí nìkan ló mọ̀, níbi tó wà yẹn.

Ní kíláàsì, mo máa ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kan pààlà sáàárín température àti chaleur fún àwọn ọmọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí ọjọ́ àìkú tó pé. Tí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́ fún wọn ni ojú wọn máa ń là. Síbí omi híhó kan àti ìkòkò omi híhó kan gbóná bákan náà, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n máa gbé dé ibì kan náà. Ṣùgbọ́n bí omi inú síbí bá dà sí ọ lẹ́sẹ̀, wàá fò sókè, wàá bú ẹni tó gbé e. Bí ti ìkòkò bá dà sí ọ lẹ́sẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí nǹkan ṣe gbóná tó yàtọ̀ sí iye ooru tó kó sínú. Abẹ́rẹ́ ń sọ ti àkọ́kọ́, kò lè sọ ti èkejì.

Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì gbóná o. Àwọn kan rò pé bí abẹ́rẹ́ bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó ni ara ọkọ̀ ṣe le tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ni ilẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní thermostat wà. Ní òwúrọ̀, ó máa ń sé ọ̀nà mọ́ omi kó má lọ sí rádíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Nígbà tí omi bá dé nǹkan bí 80 sí 90 °C, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ibẹ̀ ni ilé abẹ́rẹ́, ibi tó yẹ kó jókòó sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ló ń darí abẹ́rẹ́: bí omi tilẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀, àárín gbùngbùn ló máa fi abẹ́rẹ́ sí kí ọkàn ẹni tó ń wa ọkọ̀ lè balẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí òkè bá dé, abẹ́rẹ́ á gòkè díẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí rádíétọ̀, á sọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ti orí ọkọ̀ tuntun bọ́ sórí 504 á rò pé ó ń kú lọ ni, kò sì kú. Òtítọ́ ló ń sọ.

Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan wà, àgbà awakọ̀ tó ti wa 404 àti 504 láàárín Kutọnu àti Parakou fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò mọ̀wé kà. Òun ló kọ́ mi ní agogo yìí, ní abẹ́ igi máńgòrò ilé wa ní Kétu, a kò tilẹ̀ tan ọkọ̀. Ó ní, "Olùkọ́, má wo ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Ibi tó ti ń bọ̀ ni kó o wò." Ohun tó ń sọ ni pé abẹ́rẹ́ tó wà lókè díẹ̀ láti àárọ̀, tí kò sì kúrò níbẹ̀, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Abẹ́rẹ́ tó wà ní àárín ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni kéèyàn máa fura sí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dérivée lẹ́nu àwọn olùkọ́ mi nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì ti kọ ọ́ yege nínú ìdánwò, àmọ́ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń lò ó fún.

Bí ẹ bá ti mọ ilé abẹ́rẹ́ ọkọ̀ yín, ìrìn rẹ̀ á máa bá yín sọ̀rọ̀. Bó bá ń gòkè nígbà tí ẹ dúró sójú kan, bíi ní àárín ọjà tàbí níbi tí ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ dúró, tó sì ń sọ̀ ní kété tí ẹ bá ti gbéra, atẹ́gùn ni kò tó. Ẹ wo abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ, ventilateur. Ti 504 wa, iná mànàmáná ló ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná. Èédú kékeré kan, charbon, ló ń gbé iná náà dé ara rẹ̀, bí charbon yẹn bá ti jẹ tán, abẹ̀bẹ̀ á kàn máa yí bó ṣe wù ú. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń fi bóòtù dè é mọ́ra pátápátá kó lè máa yí ní gbogbo ìgbà. Ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i, ó sì ń pariwo, ṣùgbọ́n n kò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá sáré tàbí tí ẹ gun òkè pẹ̀lú ẹrù ló ń gòkè, ọ̀rọ̀ omi ni: omi ti dín kù, tàbí inú rádíétọ̀ ti dí, tàbí pompe à eau kò lágbára mọ́. Inú rádíétọ̀ máa ń dí ju bí a ṣe rò lọ. Omi kànga tí a ń dà sínú rẹ̀ ń fi ohun funfun sílẹ̀ bíi ti ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi lójoojúmọ́. Omi òjò tí a sẹ́ dára jù ú lọ, liquide de refroidissement sì dára ju omi òjò lọ, bí agbára bá gbé e.

Bó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ń gòkè láìka eré tàbí ìdúró sí, tí omi ń dín kù láìjo sílẹ̀, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn, tí epo ẹ́ńjìnnì dà bí ògì tí wọ́n da wàrà sí, ẹ má ṣe da omi mìíràn sí i kí ẹ máa lọ. Joint de culasse ti jó nìyẹn. Owó ti jáde lápò.

Ọ̀rọ̀ thermostat, mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ̀ àtijọ́ kan tó wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lágbègbè wa tí wọn kì í yọ thermostat rẹ̀ dànù. Wọ́n á ní, "Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń lò ó, ilẹ̀ wa gbóná." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn ní Kétu, mo ti gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat kì í yá dáadáa lásìkò ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ á jókòó sísàlẹ̀ títí dé ọ̀sán, epo á máa tán, irin á máa jẹra. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, yíyọ rẹ̀ tún ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà láìdé rádíétọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ní kó tutù á wá máa gbóná jù. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé wọ́n ti pa ẹ̀rí run. Ọkọ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í kúrò nísàlẹ̀ ní ọjọ́ rere, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bó bá já wálẹ̀ ní ọjọ́ burúkú?

Agogo fúnra rẹ̀ máa ń ṣàìsàn. Bí agogo epo àti agogo ìgbóná bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà láìnídìí, iná tó ń bọ́ àwọn méjèèjì ló ṣeé ṣe kó ti yàtọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ kò bá kúrò nísàlẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ okùn orí sonde, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ọkọ̀, kí ẹ fi ẹnu okùn náà kan irin ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí abẹ́rẹ́ bá fò lọ sókè, agogo àti okùn dára, sonde ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá mira, okùn ló ti já tàbí kí agogo ti kú.

Ohun kan tún wà tí n kò lè fò. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó gbóná, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ń kánjú. Ìdérí yẹn ló ń ti omi mọ́lẹ̀. Bó bá tì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára bí bar kan, omi kò ní hó ní 100 °C mọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120 kó tó hó. Omi tó wà ní 110 nínú rádíétọ̀ ń ṣe jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe. Ẹ ṣí i, apá kan rẹ̀ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ti omi gbígbóná gba ojú yín jáde. Mo mọ ọmọdékùnrin kan tó ń tẹ̀lé awakọ̀ ní gáréèjì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣí i, ó ṣí i. Ọrùn àti àyà rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà. Abẹ́rẹ́ ọkọ̀ náà ti wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó lọ ṣí i, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ rí nìyẹn tó fi rò pé ó ti tutù.

Ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń já wálẹ̀ ni mo fẹ́ sọ wàyí. Mo ti ní omi tó bo sonde nìkan ló mọ̀. Bí durite kan bá bẹ́, tí omi tú jáde, orí sonde á wà ní gbangba, nínú òfìfo àti ooru omi díẹ̀. Òfìfo kì í gbé ìgbóná irin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí omi ṣe ń gbé e. Abẹ́rẹ́ á gòkè díẹ̀, á gbọ̀n, á sì wálẹ̀, nígbà tí irin ń jó lọ. Bó bá jẹ́ okùn iná ló já, abẹ́rẹ́ á kú wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìgbọ̀n. Lójú agogo, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kéré. Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan jẹ́ okùn tí kò wọ́n, èkejì jẹ́ gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Oṣù kẹta ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ kíláàsì lọ́wọ́ mi. Ìyá wa jí pẹ̀lú orí fífọ́, nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò di nǹkan mú mọ́. Ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Pobẹ́ kíá. Ọkọ̀ aláìsàn ti gbé aboyún kan lọ kí a tó dé. 504 ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sẹ́yìn, orí Màmá wà lórí itan rẹ̀; ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àwọn tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé téèyàn bá ti kúrò lórí ilẹ̀ pupa Kétu, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí. Oníigbólò wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì, lẹ́yìn náà Ìsàbà, kó tó kan Pobẹ́. A kò tíì jìnnà púpọ̀ sí Oníigbólò tí mo rí i tí abẹ́rẹ́ kúrò nílé rẹ̀. Kò lọ jìnnà, bí ìbú èékánná kan. Mo dín eré kù, mo sì ṣí chauffage tán pátápátá. Ẹ má rẹ́rìn-ín: chauffage ọkọ̀ jẹ́ rádíétọ̀ kékeré kejì, ó ń bá ẹ́ńjìnnì gbé ooru sọnù. Nínú ooru oṣù kẹta, atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ lù wá, ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé ṣé mo fẹ́ pa Màmá ni. Mo ní kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé.

Abẹ́rẹ́ gbọ̀n. Ó sì wálẹ̀, ó kọjá ilé rẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀.

Àna mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti tutù. Olùkọ́, tẹ̀ ẹ́!"

Mo na ọwọ́ sí ẹnu chauffage. Atẹ́gùn tó ń ti ibẹ̀ jáde ti tutù. Omi kò dé ibẹ̀ mọ́ nìyẹn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yí lọ sí etí ọ̀nà, nítòsí ibi tí àwọn obìnrin kan tí ń ta gààrí.

"Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, omi ti tán nínú rẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ tí gbogbo wa jọ ń wò yìí ńkọ́? Ìyá rẹ ló wà lẹ́yìn yìí o, kì í ṣe iṣu!"

N kò dá a lóhùn, torí kò sí ohun tí mo lè fi hàn án. Ẹ rò ó wò. Pobẹ́ kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́ bí ọkọ̀ bá dára. Ẹ́ńjìnnì irin tí orí rẹ̀ jẹ́ aluminium, bí kò bá ní omi, ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa fi rìn kí orí yẹn tó tẹ̀, kí piston tó gán. Bí mo bá ń lọ, ó ṣeé ṣe kí a dúró níwájú, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ọjà, tí kò sí ẹni tó máa bá wa dá ọkọ̀ dúró. Ní etí ọ̀nà yìí, ọkọ̀ ń kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé okùn sonde ló já ńkọ́? Atẹ́gùn tútù tó kàn mí lọ́wọ́ ló jẹ́ kí n pinnu. Okùn tó já kò lè mú chauffage tutù.

Mo bọ́ sí àárín ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọkọ̀ bâchée kan tó kó àgbàdo dúró ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Awakọ̀ rẹ̀ kò béèrè nǹkan kan, ó ní kí àwọn tó jókòó síwájú bọ́ sẹ́yìn, a sì gbé Màmá wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi bá a lọ, àna mi gun ẹ̀yìn lórí àpò àgbàdo. Èmi dúró ti 504. Nígbà tí mo ṣí bonnet, gbogbo inú rẹ̀ ti tutù fún omi, durite ìsàlẹ̀ ti la láti ẹnu dé àárín, irin sì ń ta kì, kì, kì bí àgbàdo tó fẹ́ bẹ́ nínú agbada. N kò fọwọ́ kan ìdérí, n kò sì da omi tútù lé e. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin alágààrí títí foonu mi fi dún pé wọ́n ti dé ilé ìwòsàn, pé wọ́n ti fi omi sí Màmá lára.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọwọ́ òsì Màmá kò padà bọ̀ sípò tán títí di òní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti já geere, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wá jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹyọ kan.

Nígbà tí a padà sí Kétu, ẹbí jókòó. Àna mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ó ní mo fẹ́ràn irin bàbá mi ju ìyá mi lọ, pé gbogbo wọn rí i pé ọkọ̀ ti tutù kí n tó dá a dúró. Mo gbé durite tó la síwájú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sonde, ọ̀rọ̀ Faransé sì ń dà jáde lẹ́nu mi, résistance, circuit, vapeur, bí ẹni pé kíláàsì troisième ló wà níwájú mi. Mo rí i lójú wọn pé wọn kò gbọ́. Àǹtí bàbá wa kan ló gbà mí. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè tà látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n gbé durite yẹn, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n ní, "Ìkòkò ẹ̀wà tí omi rẹ̀ ti gbẹ, ṣé ó ṣì ń hó ni? Kì í hó mọ́. Á dákẹ́ ni. Ìgbà tó bá dákẹ́ lèmi máa ń sáré."

Ilé dákẹ́ díẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ní, "Òtítọ́ ni, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ." Àna mi kò sọ nǹkan kan. Ó ń kí mi, mo ń kí i, a jọ ń jẹun bí ọdún bá dé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò wọ 504 mọ́, n kò sì fi ipá mú un. Ẹni tó bá wà níjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì rí abẹ́rẹ́ tó wálẹ̀, ohun tó sọ ni òun náà á sọ. Màmá ní tiwọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: bóyá a ti fún awakọ̀ bâchée yẹn lówó. Ó kọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi nà án sí i. Wọ́n ní kí n wá a kàn. N kò tíì rí i.

Mẹkáníìkì tú orí ẹ́ńjìnnì wò, ó fi irin gígùn tó tọ́ lé e láti mọ̀ bó bá ti tẹ̀. Kò tẹ̀. Durite tuntun, omi, àti joint tó ní òun ò ní fi èyí àtijọ́ padà, ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó gba owó mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá thermostat síbẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì bá mi wá a.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń wa 504 jù báyìí, ó ń fi kó iṣu lọ sí ọjà. Kì í tan ọkọ̀ láàárọ̀ kó tó ṣí ìdérí rádíétọ̀ wo omi, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù bí ilẹ̀. Ó sì fi vernis èékánná sàmì pupa méjì sí ojú gíláàsì agogo: ọ̀kan níbi tí abẹ́rẹ́ máa ń jókòó sí lásìkò ọyẹ́, ọ̀kan lókè rẹ̀ díẹ̀ fún oṣù kẹta. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá èyí tó wà lókè, ó ń dín eré kù. Bó bá já wálẹ̀ kọjá èyí tó wà nísàlẹ̀, ó ń pa á, ó ń bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ló ni vernis yẹn, ó ṣì ń béèrè rẹ̀.